Mọ́tò Tí A Kì Í Ki Kọ́kọ́rọ́ Bọ̀: Àǹfààní Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀

Ní gbogbo agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, mọ́tò ni ó so oko pọ̀ mọ́ ìlú Ìbàdàn. Òun ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ wa lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Nítorí èyí, ohunkóhun tí ó bá kan bí a ti ń ti mọ́tò àti bí a ti ń ṣí i kì í ṣe ọ̀ràn fáàrí àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Ó kan àpò àgbẹ̀ àti ti oníṣòwò pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ń wọ ìgbèríko wa lóde òní ni kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì mọ́. Olówó ọkọ̀ yóò fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn a sì ṣí. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnnì a sì jí. Àwọn dírẹ́bà wa ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní thumb start. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni pé kò ní àléébù kankan. Àwọn mìíràn ń sọ pé olè gan-an ni a ṣe é fún. Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ó sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ kó owó kòkó ọdún mélòó kan lé orí ọkọ̀ mọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó ka owó sílẹ̀.

Láti orí irin yíyí dé orí bọ́tìnnì

Àwọn àgbà tí ó bá ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà láyé kò ní í gbàgbé irin gígùn tí ọmọ ọkọ̀ máa ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí yóò sì máa yí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí. Iṣẹ́ alágbára ni, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ènìyàn lápá nígbà mìíràn. Ní ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí iná bátìrì ń jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọgbọ́n tí Charles Kettering gbé kalẹ̀. Ní ọdún 1949 ni ilé iṣẹ́ Chrysler sì mú un wá pé kí a kàn yí kọ́kọ́rọ́ kan, kí ẹ́ńjìnnì sì jí. Kọ́kọ́rọ́ irin yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré.

Ní ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ kan jáde tí ń jẹ́ Fuego, èyí tí a lè fi ohun kékeré kan tí a mú lọ́wọ́ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ láìsúnmọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ti ṣe é tí olówó ọkọ̀ kò fi ní í tẹ ohunkóhun lọ́wọ́ mọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ ṣáà ti wà ní àpò rẹ̀, ó tó. Ọkọ̀ àwọn olówó ńlá ni èyí kọ́kọ́ wà lára, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi sọ̀ kalẹ̀ sórí ọkọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn kan wà nínú Micra tí ilé iṣẹ́ Nissan ṣe láti nǹkan bí ọdún 2003, irú ọkọ̀ tí ó kún títì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bíi takisí, tí ó jẹ́ pé orí róbótó kan ni a ń fi ọwọ́ yí láti ṣíná wọn, láìki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí owó wọn ga jù nínú Toyota Camry ti ọdún 2007, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Muscle. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi di tiwa.

Ọkọ̀ kò mọ ènìyàn, àmì ni ó mọ̀

Oríṣi méjì ni ó wà, kí á má ṣe pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni kọ́kọ́rọ́ irin tí rìmóòtù wà ní orí rẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì rìmóòtù náà, yóò ta àmì jáde lórí ìgbì rédíò, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń ta ohùn sí wa, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré púpọ̀, kò lè rìn jìnnà. Ọkọ̀ tí ó bá gbọ́ àmì náà tí ó sì mọ̀ ọ́n yóò ṣí ìlẹ̀kùn. Láti ṣíná rẹ̀, a ó ṣì ki irin bọ ihò, a ó sì yí i bí ti àtijọ́.

Ìgbì tí wọ́n ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri ayé. Àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń lo 315 megahertz, àwọn ti Yúróòpù sì sábà máa ń lo 433.92. Ìdí rẹ̀ nìyí tí rìmóòtù tí a yọ lára ọkọ̀ tí ó ti Jámánì wá kò fi lè bá irú ọkọ̀ kan náà gan-an tí ó ti Amẹ́ríkà wá ṣiṣẹ́, bí ó ti wù kí àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi owó ṣòfò lórí èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì kan náà ni rìmóòtù máa ń ta nígbà gbogbo. Èyí léwu, nítorí olè tí ó bá fi ẹ̀rọ gba àmì náà sílẹ̀ lónìí lè tún un tà lọ́la kí ọkọ̀ sì ṣí fún un. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé kí àmì náà máa yí padà ní ìgbàkígbà tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun fún òru kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mú ti àná wá kò ní í wọlé. Ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, ní ilé iṣẹ́ Nanoteq ní South Africa, Willem Smit àti Gideon Kuhn ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ kan tí a ń pè ní KeeLoq. Ní ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Microchip ti Amẹ́ríkà san owó tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ láti rà á, ó sì wọ inú rìmóòtù ọkọ̀ àti ti géètì káàkiri ayé. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Bochum ní Jámánì fi hàn pé a lè tú àṣírí òun náà. Báyìí ni ó ti ń rí láàárín alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ àti olè láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tí a kò ní í tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀. Níhìn-ín, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá kan ìlẹ̀kùn, ọkọ̀ a ta àmì kékeré kan tí kò lè rìn ju ìwọ̀n mítà kan tàbí méjì lọ, bí ẹni tí ń bèèrè pé, "Ṣé ìwọ ni o wà níbẹ̀ yẹn?" Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní àpò olówó rẹ̀ yóò gbọ́, yóò sì dáhùn pé, "Èmi ni," yóò sì sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìlẹ̀kùn a ṣí. Bí ọwọ́ bá tún kan bọ́tìnnì tí a fi ń ṣíná, ọkọ̀ a tún bèèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Ẹ fi ọkàn sí i pé ní gbogbo ìgbà yìí, ọkọ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀tàn mú kí ọkọ̀ rò pé kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí, ni ọkọ̀ yóò gbà ní olówó òun.

Ìrọ̀rùn tí ó wà níbẹ̀

Kò yẹ kí a kẹ́gàn ohun tí ó dára. Ìyá oníṣòwò tí ó pọn ọmọ, tí ó ru agbọ̀n ata, tí òjò sì ń pa á, mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ìlẹ̀kùn ṣí láìjẹ́ pé ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró. Àgbàlagbà tí oríkèé ọwọ́ ń dùn kò ní í máa bá irin tí ó ti dípẹtà jìjàkadì. Ẹni tí ó bá sì ń gbé aláìsàn jáde ní òru, ní ibi tí kò sí iná, kò ní í máa táràrà wá ihò kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Ní ti olè, ẹnikẹ́ni tí ó bá lérò pé kọ́kọ́rọ́ irin ní í dáàbò bo ni jù, kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Ohun tí ó ń dá olè lẹ́kun jù lọ kì í ṣe ihò ojú ìlẹ̀kùn, bí kò ṣe ẹ̀ṣọ́ kan tí a ń pè ní immobiliser, tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Láti October 1998 ni òfin ti pàṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Òfin bẹ́ẹ̀ kò sí ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ wa ti ń wá. Láti ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ olè níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọkọ̀ Kia àti Hyundai lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ń fi etí wáyà tí a fi ń gba iná sínú tẹlifóònù yí ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Àwọn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ irin, tí kò sì ní immobiliser, ni wọ́n ń jí. Àwọn tí ó ní bọ́tìnnì nínú wọn ní ẹ̀ṣọ́ náà, wọn kò sì ṣe é jí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra Kia tàbí Hyundai tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, kí ó bèèrè ọ̀rọ̀ yìí dáadáa lọ́wọ́ rìwáyà tí ó mọ iṣẹ́.

Olè tí ó ń gbé àpò

Ewu tí a ń gbọ́ jù ní òkèèrè ni ti olè méjì tí ń rìn pọ̀. Ní ọdún 2011, Aurélien Francillon, Boris Danev àti Srdjan Capkun, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní ìlú Zurich ní Switzerland, dán ọkọ̀ oríṣi mẹ́wàá wò láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́jọ, wọ́n sì rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè ṣí, tí a kò sì lè wà lọ, láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń rí nìyí: olè kan á dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú àpò, èkejì á dúró lẹ́yìn ògiri ilé tí olówó ọkọ̀ ti ń sùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́ á gba ìbéèrè tí ọkọ̀ bèèrè, yóò fi ránṣẹ́ sí ti èkejì. Ti èkejì á sọ ọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lórí tábìlì nínú yàrá. Kọ́kọ́rọ́ á dáhùn, nítorí ó rò pé ọkọ̀ ni ó wà nítòsí. Ìlẹ̀kùn á ṣí, ẹ́ńjìnnì á jí, ọkọ̀ á sì lọ. Kò sí fèrèsé tí a fọ́, kò sí ariwo tí a pa. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ti Jámánì, ADAC, ti ń dán irú rẹ̀ wò láti ọdún 2016, ọ̀pọ̀ jaburata ọkọ̀ ni ó sì ti ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn ilé iṣẹ́ kò dákẹ́. Láti ọdún 2018 ni àwọn ọkọ̀ kan ti Jaguar àti Land Rover ti ń wọn ìwọ̀n àkókò tí àmì fi rìn, tí wọ́n fi ń mọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ bá jìnnà. Ní ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ Ford náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́kọ́rọ́ tí ó máa ń sùn bí kò bá sí ẹni tí ó mì í. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, irú ọkọ̀ yẹn ni a sì ń rà.

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London ti kọ́ láti máa fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú agolo ní alẹ́. Kò sí ohun tí kò jẹ́ kí a ṣe é níhìn-ín. Agolo onírin tí ó ní ìdérí onírin, irú èyí tí a fi ń ta ohun mímu tàbí bisikíìtì, lè dí ìgbì rédíò lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí a dán an wò: kí a fi kọ́kọ́rọ́ sínú agolo, kí a dé e, kí a gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí a sì fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, agolo yẹn kò wúlò, kí a wá òmíràn. Ìdérí oníke kò lè ṣe é. Bí agolo kò bá sí rárá, kí a gbé kọ́kọ́rọ́ sí àárín ilé, kí ó jìnnà sí ìlẹ̀kùn àbáwọlé àti sí ògiri tí ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ewu tí ó sún mọ́ wa jù

Ní ìdájọ́ tiwa, kì í ṣe olè méjì yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ba àgbẹ̀ lẹ́rù. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù ni ìlẹ̀kùn tí ó rò pé òun ti tì, tí kò sì tì. Ní South Africa, ọgbọ́n àwọn olè ibi ìgbọ́kọ̀sí ni láti tẹ ẹ̀rọ kan mọ́lẹ̀ nígbà tí olówó ọkọ̀ bá ń tẹ rìmóòtù tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò máa pariwo lórí ìgbì kan náà, àmì olówó ọkọ̀ á sì rì sínú ariwo náà, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tí ń pe ọmọ rẹ̀ ti í rì sínú ariwo ọjà Bódìjà. Olówó ọkọ̀ á yí ẹ̀yìn padà, á máa lọ, owó ọjà rẹ̀ á sì wà lábẹ́ ìjókòó nínú ọkọ̀ tí kò tì. Kì í ṣe olè nìkan sì ni ó lè fa èyí: bátìrì rìmóòtù tí ó ti ń kú lọ lè fà á, ìkánjú sì lè fà á pẹ̀lú. Ní òde òkú, ní òde ìgbéyàwó, ní iwájú mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹni tí ó bá ti ọkọ̀ dúró gbọ́ ró ìlẹ̀kùn, kí ó sì rí i kí iná ọkọ̀ ṣẹ́jú.

A máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi ọwọ́ fa ìlẹ̀kùn wò. Ìmọ̀ràn yìí dára fún oríṣi èkíní, ṣùgbọ́n oríṣi kejì yóò tan ni jẹ. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní àpò rẹ, tí o sì fa ìlẹ̀kùn, ọkọ̀ yóò ṣí i fún ọ ní kíákíá, nítorí ìwọ ni ó mọ̀ ní olówó rẹ̀. Àwọn kan ti tìtorí èyí gbé ọkọ̀ tí kò ní àrùn lọ sí ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí olówó ọkọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ wá sì fa ìlẹ̀kùn náà.

Ẹ tún ro ti àgbẹ̀ tí ó gbé dírẹ́bà sí orí ọkọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, kọ́kọ́rọ́ wà ní àpò agbádá rẹ̀. Dírẹ́bà sì ń gbé ẹrù lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ yóò kàn pariwo díẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti jáde, ṣùgbọ́n kò ní í kú lójú ọ̀nà, nítorí ewu ni bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Bí dírẹ́bà bá wá pa ẹ́ńjìnnì láti já ẹrù, ó parí. Kò ní í jí mọ́ títí ẹnì kan yóò fi gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá, ata àti tòmátì yóò sì máa gbóná nínú oòrùn.

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo

Nǹkan mìíràn tí ó máa ń dun ènìyàn ni ti bátìrì. Nínú kọ́kọ́rọ́ yìí ni bátìrì kékeré kan wà, pẹlẹbẹ bí owó onírin, tí a sábà máa ń kọ CR2032 sí lára. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kú ní oko tí ó jìnnà sí títì, ọkọ̀ olówó iyebíye yóò dúró bí òkúta. Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ rẹ̀ kò ní í sunkún. Nínú ọ̀pọ̀ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìpamọ́ tí a lè fà yọ. Lára ìlẹ̀kùn dírẹ́bà sì ni ihò rẹ̀ sábà máa ń wà, nígbà mìíràn lábẹ́ ìdérí oníke kékeré. Bí a bá ti fi irin náà ṣí ìlẹ̀kùn, kí a gbé kọ́kọ́rọ́ náà gbá bọ́tìnnì tí a fi ń ṣíná, kí a tẹ bíréèkì, kí a sì tẹ bọ́tìnnì náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò jí, bí bátìrì kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ ti kú pátápátá. Irin yìí kan náà ni a ó lò bí bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá kú. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà ti ṣe é rí ní ojúmọmọ, kí ọjọ́ ìdààmú tó dé.

Èyí tí ó le jù ni pé kí kọ́kọ́rọ́ sọnù, tàbí kí a fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ oko, nígbà tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni a ní. Kọ́kọ́rọ́ irin àtijọ́, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà pẹ̀lú fáìlì yóò gé irú rẹ̀ fún ọ kí o tó mu omi tán. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà iṣẹ́ náà ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun han kọ̀ǹpútà ọkọ̀; a lè ní láti fa ọkọ̀ láti Akánrán dé àárín ìlú kí a tó rí i, iṣẹ́ náà sì nira púpọ̀ bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí ó kù nílẹ̀. Bí a bá ní méjì, tí ọ̀kan sì sọnù, iṣẹ́ náà fúyẹ́ púpọ̀.

Níbi tí olè sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkọ̀ tí a tà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ kejì rẹ̀ wà níbì kan. Ọwọ́ ta ni ó wà? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ àtẹ̀yìnwá rẹ́ kúrò nínú ọkọ̀, kí ó sì kọ tuntun méjì sí i. Ibi tí oníṣẹ́ náà ń ki kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ̀, lábẹ́ sítíárì, ni olè tí ó mọ iṣẹ́ náà ń ki tirẹ̀ bọ̀. Nítorí náà, irin ńlá tí a fi ń de sítíárì, tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jẹ́ ti ayé àtijọ́, ṣì wúlò gidigidi. Olè tí ó bá fi ẹ̀rọ tan ọkọ̀ jẹ kò lè fi ẹ̀rọ náà tan irin jẹ.

Èéfín àti bátìrì

Ohun méjì kan wà tí kò kan olè, ṣùgbọ́n tí ó kan ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá ń yí kọ́kọ́rọ́ irin kò lè mú un lọ sílé láìpa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò kúrò ní àpò lè gbàgbé, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì náà kò bá pariwo. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn New York Times kéde pé ó ju ènìyàn mẹ́rìnlélógún lọ tí ó ti kú báyìí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2006, nígbà tí èéfín ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti pa wọ inú ilé láti gáréèjì. Ní ọdún 2021, òfin kan jáde níbẹ̀ pé kí a ṣe ìlànà tí yóò mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa pa ara rẹ̀. Èéfín yìí, carbon monoxide, kò ṣe é rí, kò sì ní òórùn. Òun kan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní gáréèjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ọkọ̀ sí abẹ́ àtíbàbà onípáànù tí ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé yàrá, kí ó ṣọ́ra.

Èkejì ni bátìrì pẹlẹbẹ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń dán, ó sì kéré, ọmọdé a sì máa gbé e mì. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà gidigidi. Kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má ṣe mú un bì, kí a má sì dúró kí ó yà á jáde. Kí a gbé e lọ ní kíákíá sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ X-ray, kí a sì sọ fún dókítà pé bátìrì ni. Bátìrì tí a ti yọ, bí ó tilẹ̀ ti kú, ṣì lè ṣe ọṣẹ́ yìí. Kí a fi páálí àti gọ́ọ̀mù wé e, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

Kí a tó san owó

Bí ẹnì kan bá bi wá léèrè pé èwo ni kí àgbẹ̀ tí ó ń gbé ìgbèríko rà, a ó sọ pé kọ́kọ́rọ́ irin tí ó ní rìmóòtù ní orí, tí immobiliser sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó fún ni ní púpọ̀ nínú ìrọ̀rùn náà. Kì í dáhùn títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà olè alápò méjì kò rí i tàn jẹ. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tí ń gbé àárín ìlú, tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà ní àdúgbò rẹ̀, lè yan èkejì láìsí ìbẹ̀rù púpọ̀.

Èyíkéyìí tí ó bá wù ó jẹ́, kí ẹni tí ń rà á bèèrè kọ́kọ́rọ́ méjì, kí ó sì dán méjèèjì wò fúnra rẹ̀, láti ìlẹ̀kùn dé ẹ́ńjìnnì. Kí ó fa irin ìpamọ́ yọ, kí ó sì fi ṣí ìlẹ̀kùn lójú ẹni tí ń tà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ihò yẹn ti dípẹtà nítorí àìlò, tàbí kí irin náà ti sọnù ní òkè òkun. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ó yọ iye owó tí òmíràn yóò ná an kúrò nínú owó ọkọ̀, kí ó sì ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó rà á gan-an. Kí ó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà chassis sínú ìwé kan tí yóò wà ní ilé, kì í ṣe nínú ọkọ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá lọ, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.